Àkúdàáyà inú dátábéèsì: ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ Cassandra

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan báyìí, aago mẹ́jọ àárọ̀ ò tíì lù, tíì tí mo pò ṣì ń yọ èéfín níwájú mi, ni àǹtí tó ń darí àwọn awakọ̀ wa bá pè mí, ohùn ẹ̀ ti le. "Ẹnjiníà, ṣé ẹ̀yin lẹ gba ọkùnrin yẹn padà sẹ́nu iṣẹ́ ni?" Mo ní ọkùnrin wo, mà? Ó ní awakọ̀ tóun lé dànù, ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì báyìí, èyí tó máa ń fa dísù inú ọkọ̀ tà lójú ọ̀nà, tóun fọwọ́ ara òun yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, pé ó ti wà níbẹ̀ padà láàárọ̀ yìí o, ẹ̀rọ sì ti pín ẹrù fún un pé kó wá gbé e ní Apapa. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo rò pé àǹtí gbàgbé láti tẹ bọ́tìnì ni. Ìgbà tí mo yẹ àkọsílẹ̀ wò, àǹtí tẹ bọ́tìnì, ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́ wà níbẹ̀, aago tó tẹ̀ ẹ́ wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà kú nínú dátábéèsì wa, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó àkọsílẹ̀ pa mọ́ sí, a sin ín, ó sì tún dìde.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìtàn àkúdàáyà rí. Èèyàn á kú n'Íbàdàn, wọ́n á sin ín, wọ́n á jẹ ẹ mu níbi òkú ẹ̀, ọdún mélòó kan sí i, ẹnì kan láti àdúgbò á lọ ra ọjà ní Kánò, á bá a tó jókòó sí ìsọ̀ ẹ̀, tó ti fẹ́yàwó níbẹ̀, tó ti bímọ. Ohun tó ṣe wá gan-an nìyẹn, àmọ́ kìí ṣe iṣẹ́ ayé, bí Cassandra, dátábéèsì tá à ń lò, ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Màá sọ bó ṣe jí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bá a ṣe débẹ̀ ná, torí tí mo bá kàn sọ ti àkúdàáyà nìkan ẹ máa rò pé dátábéèsì burúkú ni, kò sì burú, ó kàn ní ìwà tiẹ̀ ni.

Ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà yẹn, mi ò ní dárúkọ wọn, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa ṣọ́ ọkọ̀ akẹ́rù àti ọ̀kadà tó ń pín ẹrù. Wọ́n á de trákà kékeré kan mọ́ ọkọ̀, trákà yẹn á máa ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún pé ibi tí mo wà nìyí, bí mo ṣe ń sáré tó nìyí, dísù tó kù nìyí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo á ránṣẹ́ ìgbà 17,280 lóòjọ́. Nígbà tí ọkọ̀ di 2,000, àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan ti lé ní mílíọ̀nù 34. Inú PostgreSQL, dátábéèsì kan tó ti pẹ́ tí wọ́n tún ń pè ní Postgres, la ń kó gbogbo ẹ̀ sí, lórí sáfà kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé dátábéèsì, inú ilé détà kan ní Lékkì ló wà. Ọ̀gá wa wá dé láti ìpàdé kan lọ́jọ́ kan, ó ní òun gbọ́ pé dátábéèsì àtijọ́ ò lè gbé "big data", ìyẹn détà rẹpẹtẹ, pé ká lọ sí NoSQL, ìyẹn irú àwọn dátábéèsì tí Cassandra wà lára wọn.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ lójú ọ̀gá nígbà yẹn ni pé Postgres lè gbé e. Mílíọ̀nù 34 lóòjọ́, tẹ́ ẹ bá pín in, nǹkan bíi 400 ni nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ò tó nǹkan tí Postgres á fi máa laágùn, ká ṣáà ti pín tábìlì tá a to àkọsílẹ̀ yẹn sí ní ọjọ́ọjọ́ dáadáa. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé torí pé détà yín pọ̀ lẹ ṣe nílò Cassandra, ẹ bi í pé ó pọ̀ tó mélòó. Lọ́dún 2014 Apple sọ pé àwọn ní node Cassandra, ìyẹn àwọn sáfà tó para pọ̀ ń gbé e, tó lé ní 75,000. Ìyẹn ló pọ̀. Tiwa yẹn, ẹja inú agolo ni.

Ohun tó ń yọ wá lẹ́nu ní tòótọ́ ni pé sáfà kan ṣoṣo ló wà, tó bá ti kú, gbogbo ẹ̀ ti kú nìyẹn. Lọ́dún yẹn nìkan ó kú lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì, wọ́n yọ wáyà tí kò yẹ kí wọ́n yọ. Ẹ̀ẹ̀kan, dísíkì kún fọ́fọ́ láàárín òru. Kọ́sítọ́mà á máa pè, ọkọ̀ mi dà, ẹrù mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ló wà nínú ẹ̀, àwa náà ò sì mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Torí ìyẹn ni mo fi gbà láti lọ sí Cassandra, kìí ṣe torí "big data" kankan.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: àwọn méjì kan ní Facebook, Avinash Lakshman àti Prashant Malik, ló kọ Cassandra, wọ́n fẹ́ fi máa wá ọ̀rọ̀ nínú inbox àwọn èèyàn, wọ́n sì gbé e síta fún gbogbo ayé lọ́dún 2008. Lakshman yìí náà wà lára àwọn tó ṣe Dynamo ní Amazon ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ máa rí ìwà Dynamo yẹn lára Cassandra dáadáa. Orúkọ ẹ̀, obìnrin kan nínú ìtàn àwọn Gíríìkì ni, tó máa ń ríran, tí ìran ẹ̀ sì máa ń ṣẹ, àmọ́ wọ́n fi í gégùn-ún pé ẹnikẹ́ni ò ní gbà á gbọ́. Ẹ rántí ìyẹn o, torí gbogbo ìkìlọ̀ tí Cassandra tiwa ṣe fún wa nínú log, ìyẹn ìwé tó ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí, ni a ò gbà gbọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé kò ní ọ̀gá. Àwọn node to ara wọn bí òrùka, kálukú ní ìpín tiẹ̀ nínú òrùka yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan, á fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, ìyẹn orúkọ tàbí nọ́mbà tẹ́ ẹ fi ń dá a mọ̀, ṣírò ibi tó bọ́ sí lórí òrùka, á wá fún àwọn mẹ́ta ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá ti sọ pé mẹ́ta lẹ fẹ́. Bí ẹni tó fi owó àjọ pa mọ́ sọ́wọ́ aládùúgbò mẹ́ta ni. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yẹn padà, ẹ̀yin lẹ máa sọ iye ẹni tó gbọ́dọ̀ jẹ́rìí: ọ̀kan, méjì, tàbí gbogbo wọn. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ni QUORUM, ìyẹn méjì nínú mẹ́ta. Tí méjì bá gba ìwé tẹ́ ẹ kọ, tí méjì sì jẹ́rìí nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ kà á, ó kéré tán ẹnì kan á wà láàárín wọn tó mọ òótọ́ tuntun. Ẹnì kan lè sùn lọ, kó kú pàápàá, iṣẹ́ ò ní dúró.

Kíkọ nǹkan sínú ẹ̀ yára, mi ò ní purọ́. Kò ní kọ́kọ́ lọ wá ibi tí ti tẹ́lẹ̀ wà kó tó kọ tuntun. Bíi ìyá aláta tó ń kọ gbèsè sínú ìwé ni, ẹni tó bá dé á kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, kò ní ṣí ewé padà lọ wo ti àná. Á kọ ọ́ sínú commit log, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ kan lórí dísíkì, á fi sórí mẹ́mọ́rì, tí mẹ́mọ́rì bá kún á dà á sórí dísíkì bíi fáìlì tí kò ní fọwọ́ kàn mọ́. Ó wá di dandan pé tó bá yá, kó jókòó kó kó gbogbo àwọn fáìlì yẹn pọ̀, kó ṣa èyí tó ti di àtijọ́ dànù. Compaction nìyẹn, mà á padà bá a, torí òun náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ àkúdàáyà yìí.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ràn Cassandra jù ni ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta 2024. Tẹ́ ẹ bá wà ní Nàìjíríà lọ́jọ́ yẹn ẹ ò lè gbàgbé, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun já létí Abidjan lẹ́ẹ̀kan náà, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ńṣe ni íntánẹ́ẹ̀tì ń mí gúlegúle, báǹkì ò lọ, áàpù ò ṣí, àwọn èèyàn ń pa fóònù, wọ́n ń tún un tàn bíi pé fóònù ló bàjẹ́. Àwa ti ní node mẹ́ta l'Ékòó àti mẹ́ta ní ilẹ̀ Yúróòpù nígbà yẹn, a sì ń lo LOCAL_QUORUM, ìyẹn ni pé méjì nínú mẹ́ta tí Èkó nìkan la ń dúró dè, a ò dúró de ti òkè òkun. Trákà ń ránṣẹ́ gba nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àbẹ́lé wọlé, Èkó ń gbà á, kò sí ọkọ̀ kan tó sọnù. Àwọn akẹgbẹ́ wa níbòmíì ń sáré kiri, èmi jókòó, mò ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn. Mo yangàn lọ́jọ́ yẹn, kí n sòótọ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé node tí ò bá rí ẹnì kejì ẹ̀ á máa bá a tọ́jú ìwé tó yẹ kó gbà, bí aládùúgbò ṣe ń bá èèyàn gba lẹ́tà, hint ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ wákàtí mẹ́ta péré ló máa ń tọ́jú ẹ̀ mọ, tẹ́ ò bá ti yí i padà. Tó bá ti kọjá wákàtí mẹ́ta, kò tọ́jú tuntun mọ́. Ìgbà tí ọ̀nà wá là láàárín Èkó àti Yúróòpù, ihò pọ̀ nínú détà tó wà lọ́hùn-ún, ọjọ́ méjì gbáko ló gbà wá láti ṣe repair, ìyẹn ni kí àwọn node máa fi ìwé wéra wọn, kí ẹni tí tiẹ̀ ò pé gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì. A ṣe é, ó tán, a sì gbàgbé pé ó yẹ ká máa ṣe é ní gbogbo ìgbà. Ibẹ̀ ni a ti gbin ìyọnu.

Àmọ́ kó tó di ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni wàhálà ìbéèrè. Ẹni tó bá ti Postgres tàbí MySQL bọ̀ ti mọ́ ọn lára pé kóun kó nǹkan pa mọ́ ná, ìbéèrè tó bá wá sọ́kàn lọ́la, èèyàn á béèrè. Cassandra ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìbéèrè kẹ́ ẹ tó mọ tábìlì. Tábìlì tiwa, a fi nọ́mbà ọkọ̀ ṣe kọ́kọ́rọ́, tẹ́ ẹ bá bi í pé "ibo ni ọkọ̀ yìí gbà lánàá", kíá ló máa dáhùn. Ọ̀gá wá dé lọ́jọ́ kan, ó ní àwọn ọlọ́pàá ń béèrè pé ọkọ̀ wo ló kọjá Ṣàgámù láàárín aago méjìlá sí aago mẹ́ta òru ọjọ́ Túsìdeè. Nínú Postgres ìlà kan ni. Nínú Cassandra, kò sí. Ẹ ò lè béèrè ibi kó fi ọkọ̀ dáhùn nígbà tó jẹ́ ọkọ̀ lẹ fi tò ó. Cassandra ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ALLOW FILTERING, tẹ́ ẹ bá fi kún ìbéèrè yín á lọ tú gbogbo ilé láti òkè délẹ̀, ọmọ iṣẹ́ wa kan fi kún un, láàárín ìṣẹ́jú méjì gbogbo node l'Ékòó ti ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Kò sí JOIN náà, tí wọ́n fi ń so tábìlì méjì pọ̀. Ohun tá a wá ṣe ni tábìlì kejì, détà kan náà, tá a fi agbègbè àti wákàtí tò. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀ka ìnáwó fẹ́ ti dísù, tábìlì kẹta. Ìwé kan náà la wá ń kọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nílùú méjì. Ẹ bá mi ṣírò iye dísíkì.

Ẹ wá fi ti dọ́là kún un. Èkó nìkan la ti ń fi náírà sanwó, ti Yúróòpù dọ́là ni, láàárín oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara ẹ̀ àti oṣù Kejì 2024, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi N460, ó kọjá N1,500 ní ojú ìjọba gan-an. Ẹ̀dà mẹ́ta yẹn tó jẹ́ pé orí páálí ni mo ti yà á fún ọ̀gá bí ohun ààbò, ó di ohun tí akọ̀wé owó ń fi wò mí níkọ̀rọ̀. Compaction pàápàá ń fẹ́ ààyè tiẹ̀, torí tó bá fẹ́ kó fáìlì ńlá méjì pọ̀ á kọ tuntun tán kó tó pa àtijọ́ rẹ́, irú èyí tá à ń lò nígbà yẹn wọ́n máa ń gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ fi ìdajì dísíkì sílẹ̀ lófìfo. Ìdajì! Ẹ ra ilé oníyàrá mẹ́rin, kẹ́ ẹ ti méjì pa torí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbá ilé.

Àṣìṣe kan tó jẹ́ tèmi gangan: nígbà tí mo fi nọ́mbà ọkọ̀ nìkan ṣe kọ́kọ́rọ́, mo gbàgbé pé gbogbo ìtàn ọkọ̀ yẹn láti ọjọ́ tó ti dé á wà pọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ kan ń kọ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì kan àti ààbọ̀ sí méjì lóòjọ́, ìmọ̀ràn àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ni pé kí apẹ̀rẹ̀ kan má kọjá mẹ́gábáìtì 100. Oṣù méjì péré ló fi kún. Ìgbà tó di oṣù kẹjọ, àwọn ọkọ̀ tó pẹ́ jù ló wá ń lọ́ra jù, gbogbo wa ń bú trákà. Mo ní láti tún tábìlì yẹn ṣe látìpìlẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ di nọ́mbà ọkọ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí gbogbo ọjọ́ ní apẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè yí irú kọ́kọ́rọ́ yẹn padà lórí tábìlì tó ti wà, àfi kẹ́ ẹ dá tuntun kẹ́ ẹ sì kó ẹrù lọ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ òkú.

Ẹ rántí pé Cassandra kìí ṣí ewé padà lọ pa nǹkan rẹ́. Tẹ́ ẹ bá sọ pé kó yọ orúkọ kan, kò ní yọ ọ́. Ìwé tuntun ló máa kọ pé "ẹni yìí ti kú". Tombstone ni wọ́n ń pè é, òkúta orí sàréè, wọn ò sì purọ́. Orúkọ àti òkúta á jọ wà lórí dísíkì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á, á rí méjèèjì, á ní àà, èyí ti kú, kò ní gbé e fún yín. Tí òkúta yẹn bá wá pé ọjọ́ mẹ́wàá, compaction láṣẹ láti kó òkú àti òkúta dànù pọ̀. Ìdí tó fi dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá ni kí ìròyìn ikú lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó ní ẹ̀dà.

Tiwa báyìí, ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, ọ̀kan nínú node mẹ́ta Èkó kú. Páwà sọ́púláì ẹ̀ ló jó, dísíkì ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. A ní kí wọ́n bá wa ra òmíì, wọ́n ní kò sí l'Ékòó, pé á ti òkè òkun wá, ó dé, ó tún há sí kọ́sítọ́ọ̀mù. Kò sí ẹni tí àyà ẹ̀ já, torí méjì tó kù ń ṣiṣẹ́, ṣebí ohun tá a torí ẹ̀ lọ sí Cassandra nìyẹn? Ọjọ́ Fráìdeè, ìyẹn ọjọ́ kejì tí node yẹn ti kú, àǹtí lé awakọ̀ yẹn. Méjì tó wà láàyè kọ òkúta orí sàréè. Ẹnì kẹta ò gbọ́, ó ti sùn, hint tí wọ́n sì ń bá a tọ́jú ti dúró láti wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá pé, compaction kọjá, méjì yẹn kó òkú àti òkúta dànù, ilé mọ́. Ọjọ́ kẹrìndínlógún, páwà sọ́púláì dé. A tan node náà. Ó jí, ó nà, orúkọ awakọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ rekete, kò sí ẹni tó sọ fún un pé ọkùnrin yẹn ti kú, kò sì sí ẹ̀rí ikú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Èyí tó wá dùn mí jù, tí mo bá rántí ẹ̀ mo máa ń gbọn orí, ni pé ní Sátidé yẹn, èmi, èmi tí mo mọ iṣẹ́ jù, mo ní node yìí ti pẹ́ níta, détà ẹ̀ ò ní pé, ẹ jẹ́ ká ṣe repair kí gbogbo wọn lè dọ́gba. Ìyẹn gan-an ló parí iṣẹ́. Repair wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó rí i pé ẹnì kan ní orúkọ, àwọn méjì ò ní, kò sí òkúta níbì kankan, ó ní áà, àwọn méjì yìí pàdánù détà, ó bá dà á kọ fún wọn, ó sì kọjá òkun lọ fún àwọn ti Yúróòpù náà. Ká ní a ṣe repair kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, ìròyìn ikú ni ì bá tàn ká. Ó pẹ́ jù, orúkọ òkú ló tàn ká. Awakọ̀ mọ́kànlá ló jí lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́ta tá a ti tà, àti adirẹ́sì kọ́sítọ́mà kan tó ti kó kúrò ní Ìlúpéjú láti oṣù tó kọjá. Àǹtí jókòó tì mí ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn, ó ń ka orúkọ láti inú ìwé àfọwọ́kọ ẹ̀, èmi ń pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ẹ má rò pé àwa nìkan ni òkúta orí sàréè ti bá jà. Discord, àwọn tó ń ṣe áàpù ìtàkùrọ̀sọ, sọ ìtàn tiwọn síta fúnra wọn: yàrá kan wà tí wọ́n ti pa ọ̀rọ̀ tó tó mílíọ̀nù rẹ́ nínú ẹ̀, ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí ẹnì kan bá sì ṣí yàrá yẹn, Cassandra á kọ́kọ́ rìn kọjá gbogbo àwọn òkúta yẹn kó tó rí ẹyọ kan yẹn, sáfà á dákú. Àwa náà ṣe irú ẹ̀ kékeré. Ẹnì kan nínú wa fi tábìlì Cassandra ṣe ìlà SMS, á kọ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀, á fi ránṣẹ́, á pa á rẹ́, á mú òmíì. Lójoojúmọ́ ni itẹ́ òkú yẹn ń fẹ̀ sí i. Log ń kìlọ̀ fún wa pé òkúta ti kọjá 1,000 nínú ìbéèrè kan, a rò pé ariwo lásán ni, ìgbà tó kọjá 100,000 kò kìlọ̀ mọ́, ó kọ̀ láti dáhùn pátápátá, kọ́sítọ́mà ò rí SMS gbà ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti sọ fún yín ohun tí orúkọ obìnrin yẹn túmọ̀ sí.

Ti owó wá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó sínú ẹ̀. A fi owó dísù awakọ̀ sínú ẹ̀ torí pé gbogbo nǹkan yòókù ti wà níbẹ̀. Awakọ̀ ní N50,000. Ẹni tó wà l'Ápápá yọ N30,000 fún un, ó kọ ọ́ pé ó ku N20,000. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, ẹni tó wà n'Íbàdàn rí N50,000 yẹn náà, ó yọ N35,000, ó kọ ọ́ pé ó ku N15,000. Cassandra ò ní já ìjà, ẹni tó kọ kẹ́yìn ló borí, kò sí àpá N30,000 yẹn níbì kankan. Ẹni tó kọ kẹ́yìn gan-an, aago ló ń pinnu ẹ̀, aago sáfà tí áàpù yín wà lórí ẹ̀. Ọ̀kan nínú sáfà áàpù wa tún tan lẹ́yìn tí iná lọ, NTP tó ń tún aago ṣe ò bá a tan, aago ẹ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú. Gbogbo ohun tí sáfà yẹn bá kọ, ẹnikẹ́ni ò lè borí ẹ̀ títí ìṣẹ́jú mẹ́rin á fi kọjá. Awakọ̀ á já ẹrù, á tẹ "mo ti já a", ẹ̀rọ á gbà, á ní ó ti wọlé, tẹ́ ẹ bá tún wò ó, "ó ṣì wà lójú ọ̀nà". Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń bá awakọ̀ jà pé òpùrọ́ ni wọ́n, èmi náà wà lára ẹni tó bú wọn. Mo padà lọ bẹ̀ wọ́n.

Lóòótọ́ Cassandra ní ọ̀nà kan tí ẹ lè gbà sọ pé "kọ èyí tí iye tó wà níbẹ̀ bá ṣì jẹ́ N50,000", Paxos, ọ̀nà kan tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń fẹnu kò, ló wà nídìí ẹ̀, ó ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn node á lọ á bọ̀ láàárín ara wọn lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó fẹnu kò, tí èèyàn púpọ̀ bá sì ń jà lórí ìlà kan náà ó máa ń lọ́ra gan-an. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti rí i pé òun ń lo ìyẹn níbi gbogbo, Postgres ló ń wá, kó padà sílé jàre. Àwa padà sílé. Owó, orúkọ awakọ̀, ìwé àdéhùn, gbogbo ohun tí èèyàn lè yí padà tàbí pa rẹ́, wọ́n wà nínú Postgres báyìí, pẹ̀lú ẹ̀dà kan tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kò ju jígábáìtì mélòó kan lọ.

Ohun tó kù nínú Cassandra ni ti trákà, ibẹ̀ ló sì ti ń ta yọ. Ọ̀rọ̀ trákà kìí yí padà, ẹnikẹ́ni kìí pa á rẹ́, ńṣe la fún un ní ọjọ́ ikú látìgbà tá a ti ń kọ ọ́, àádọ́rùn-ún ọjọ́, a sì jẹ́ kí compaction máa di fáìlì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tí ọjọ́ ẹ̀ bá pé á ju fáìlì odidi nù, kò sí pé à ń wá òkú láàárín alààyè. Láti ìgbà yẹn a ti fi node kún ti Èkó lẹ́ẹ̀mejì, lọ́sàn-án gangan, ọkọ̀ ń rìn, àǹtí ò tiẹ̀ mọ̀ pé a ṣe nǹkan kan. Repair ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, alẹ́ Sọ́ńdè, tí kò bá parí kí ilẹ̀ tó mọ́ fóònù mi á dún. Node tó bá sì ti kú tó kọjá ọjọ́ méje, a kìí jí i mọ́, ì báà jẹ́ dísíkì ẹ̀ dára bíi tuntun, a ó nu dísíkì yẹn mọ́ fọ́ọ́, a ó jẹ́ kó wọlé bí àlejò tí ò mọ ẹnikẹ́ni, kó gba ẹ̀dà lọ́wọ́ àwọn tó wà nílé. Ọ̀gá bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń nu détà tó dáa. Mo ní kó lọ bi àǹtí.

Ìlà SMS yẹn ṣì wà nínú Cassandra o. Ẹni tó kọ ọ́ ti já lọ sí Kánádà, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án, mo ti fi sínú iṣẹ́ oṣù tó ń bọ̀ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn.